Ogun 1967 sí 1970: kí ló yí padà nínú owó wa, ìjọba wa àti bí a ṣe ń pe ara wa?

Ọmọ-Iléèwé béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà rànyìn lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan jọ ń jiyàn lórí ogun abẹ́lé. Mo ní ogun náà ti parí láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, kí ló tún kàn wá níbẹ̀? Ó ní n kò mọ nǹkan kan. Ó ní láti orí ìpínlẹ̀ tí mo ń kọ sínú fọ́ọ̀mù títí dé orí owó tí gómìnà mi ń ná, inú ogun yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ó wá dìde, ó lọ, kò ṣàlàyé.

Mo ti ka díẹ̀. Ohun tí mo ń rí kò ju orúkọ ọ̀gágun àti ọjọ́ tí wọ́n gba ìlú: Enugu ní oṣù kẹwàá 1967, Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968. Nàìjíríà kò tíì pé ọdún méje tó gba òmìnira nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1967. Báwo ni orílẹ̀-èdè tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹun ṣáájú ogun, kí ló sì dà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tó bá fojú rí i, tàbí tí òbí rẹ̀ sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ìwé wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ẹlẹ́kòkó fèsì:

O káre, ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ kò yẹ kó fi ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ogun Ojukwu dé ẹnu ọ̀nà wa. Bí a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, torí Ojukwu ló ṣáájú Ìlà-Oòrùn tó yapa, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní Biafra. Inú ìwé ni mo ti pàdé "ogun abẹ́lé". Abúlé wa wà lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ore, bàbá mi sì ń ra kòkó. Kì í ṣe olówó ńlá o. Ó ní òṣùwọ̀n kan, yàrá kan tó ń kó àpò sí, àti kẹ̀kẹ́ ológeere kan. Ibi kòkó ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà yàrá kòkó yẹn ni mo dúró sí tí mo fi rí ogun náà.

Ṣáájú ogun, bí àgbẹ̀ bá ti sá kòkó rẹ̀ tó gbẹ, ó di ọ̀dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi á wọ̀n ọ́n, á kó o lọ sí Oǹdó. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba yóò ti fi ọ̀bẹ la kóró mélòó kan sí méjì, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá dára jù di gíréèdì wáànù. Bọ́ọ̀dù ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà ní Ìbàdàn ló ń rà á níkẹyìn, òun ló sì ń tà á sókè òkun. Iye tí Bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tó ń tà á. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí díẹ̀ nínú ohun tí owó náà ń ṣe: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tẹlifíṣàn Ìbàdàn ní 1959, ilé gogoro tí wọ́n fi kòkó sọ lórúkọ ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Kíláàsì tí èmi fúnra mi jókòó sí, kòkó wà nínú owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ará Àríwá ní ẹ̀pà tiwọn, tí wọ́n ń to àpò rẹ̀ jọ bí òkè ní Kánò. Ìlà-Oòrùn ní epo pupa àti èédú Enugu. Òfin ìgbà òmìnira sì sọ pé nínú owó tí ìjọba bá gbà lórí ohun tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ agbègbè kan, ìdajì rẹ̀ padà sí agbègbè náà. Bàbá mi máa ń sọ pé ìjọba kò lè ṣe fáàrí sí àgbẹ̀, torí ọwọ́ àgbẹ̀ ló ti ń jẹun.

Di ọ̀rọ̀ bàbá mi yẹn mú, torí òun gan-an ni ogun náà pa.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 1967, àwọn sójà Biafra gba orí afárá odò Ọya kọjá, wọ́n sì gba Benin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò pẹ́ rárá tí a fi gbọ́ pé wọ́n ti dé Ore. Asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá mi kò sinmi mọ́. Àwọn bọ̀lẹ̀kájà tó ń kó kòkó wa lọ sí Oǹdó di ọkọ̀ tó ń kó sójà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a kó jáde. Ìyá mi ru ẹrù oúnjẹ, mo pọn àbúrò mi, bàbá mi sì di òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó fi àpò kòkó mẹ́rìnlá sílẹ̀ nínú yàrá. Mo béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ irin ló ń gbé, tó fi owó sílẹ̀. Ó ní kòkó ń so lọ́dọọdún, òṣùwọ̀n kì í so.

Nígbà tí a padà, ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ èyí tó pọ́n lórí igi, ẹnìkan sì ti kó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ. Sójà ọ̀dọ̀ ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń gbọ́ "ó le kú, ìjà Ore" lẹ́nu àgbà, ẹ rò pé àwàdà ni.

Ohun tó tún rú wa lójú ni pé Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà ilẹ̀ Yorùbá. Ojukwu ló tún ní kí wọ́n pa á ní Enugu kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Lápá kejì, Benjamin Adékúnlé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń kó sójà ìjọba àpapọ̀ gba etí òkun lọ. Mo bi bàbá mi pé nínú gbogbo wọn, àwọn wo ni àwa. Ó ní, "Àwọn tí ìbọn kò bá."

Lẹ́yìn ìjà Ore, ogun jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ owó wọlé. Ní oṣù kìn-ín-ní 1968, ìjọba àpapọ̀ pa owó bébà dà, kí èyí tó wà lọ́wọ́ Biafra lè di bébà lásán. Ọjọ́ tí wọ́n dá kò pọ̀. Ìyá mi ní owó kan tó tọ́jú sínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn, bàbá mi kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí a gbọ́ pé owó àtijọ́ kò níí pẹ́ di òkú ni ọ̀rọ̀ ìkòkò jáde. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀.

Owó orí ló kàn. Ogun ń jẹ owó. Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná nígbà náà, ó sì máa ń sọ lẹ́yìn ogun pé a kò yá owó lókè òkun fi jà á. Ó dáa. Ẹnìkan ló sì san án. Lágbègbè Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ ní owó orí ti pọ̀ ju ohun tí kòkó ń fi sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì dìde. Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, láti 1968 wọ 1969. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn ó san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án 1969, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: sójà ìjọba ń bá Biafra jà ní ìlà-oòrùn, ọlọ́pàá ìjọba ń bá ẹlẹ́kòkó jà ní ìwọ̀-oòrùn. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ bá Tafa Adéoyè, olórí wọn, lóko kí ọ̀rọ̀ tó rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Àgbẹ̀ ṣì lè mú ìjọba nígbà yẹn. Èmi kò tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Ìdí tí n kò fi rí i mọ́ ni pé láàárín ọdún ogun yẹn kan náà, ìjọba ti rí ibòmíràn tí yóò ti máa jẹun. Wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri láti 1956, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1958, ṣùgbọ́n kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa ló ṣì ń mú iwájú. Ní 1969, nígbà tí ìbọn ṣì ń dún, ìjọba Gowon, ọ̀gágun tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, ṣe òfin ológun tó gbé gbogbo epo inú ilẹ̀ Nàìjíríà lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Ta ni yóò ta kò ó? Kò sí ilé aṣòfin. Agbègbè tí epo náà pọ̀ sí jù, pápá ogun ni. Ní 1970, wọ́n gé ìdajì tí agbègbè ń gbà sí ìdá 45 nínú 100, ní 1971 wọ́n yọ epo inú òkun kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1974, epo ti ju ìdá 90 nínú 100 ohun tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun lọ.

Ogun tún fi àwọn tí yóò máa ná owó náà sílẹ̀ fún wa. Sójà bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni Nàìjíríà ní kí ogun tó dé. Nígbà tó parí, wọ́n ti tó ọ̀kẹ́ méjìlá àbọ̀ ènìyàn, 250,000. Gowon kò lè ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ta ni yóò bọ́ wọn? Ní 1975, ọkọ̀ òkun tó ju irínwó lọ tò sẹ́yìn ara wọn létí òkun Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó sìmẹ́ǹtì, púpọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì náà ni wọ́n ní ti ìjọba ológun ni, fún bárékè. Òmíràn dì sínú ọkọ̀.

Lábúlé wa, Údójì ni ogun náà fi dé ìkẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ kéré, Údójì lorúkọ ẹni tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ní kí wọ́n fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó dé ní ìparí 1974 wọ 1975, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ra ọ̀kadà àti rẹ́díò lọ́sẹ̀ kan náà. Àwọn Àgàtú tó ń bá bàbá mi àti àwọn àgbẹ̀ tó kù ro oko rí i pé ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì nílùú ń gba owó ju ẹni tó ń ro kòkó lọ. Wọ́n lọ. Àwa ọmọ náà lọ. Bàbá mi kò bínú sí wa. Ó kàn ń sọ pé gómìnà tuntun yìí kò mọ ìgbà tí kòkó ń so, kò sì nílò kó mọ̀ ọ́n.

Ti bí a ṣe ń pe ara wa, ohun kan ni n ó sọ. Mo parí yunifásítì ní 1979, wọ́n sì fi mí ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ Anambra fún ìsìnrú ìlú, èyí tí Gowon dá sílẹ̀ ní 1973 kí ọmọ ibí lè mọ ọmọ ọ̀hún. Mò ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé girama kan. Ìyá kan wà tí mo máa ń ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ràn mi, ó máa ń fi ẹ̀kún ife sí i. Lọ́jọ́ kan ó béèrè ìlú mi. Mo ní Oǹdó. Ó ní ṣé Oǹdó jìnnà sí Ore? Mo ní kò jìnnà. Ó dákẹ́. Ó ní Ore ni àkọ́bí òun dé tí àwọn kò fi gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo gbọ́ ìbọn náà, pé mo pọn àbúrò mi lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Èmi kò sọ ọ́. Ó wọn gàárì mi, ó fi ẹ̀kún ife sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Oníyèméjì fèsì:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì má bínú sí mi. Ó dà bíi pé ẹ gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé ogun lórí.

Àwọn ológun ti gba ìjọba láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1966, ọdún kan àbọ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ironsi, olórí ológun tó ṣáájú Gowon, ló kọ́kọ́ fẹ́ pa àwọn agbègbè rẹ́ pẹ̀lú Òfin 34 ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Ìpínlẹ̀ méjìlá tí Gowon pín àwọn agbègbè sí, tí gbogbo ayé ń pariwo, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n kéde rẹ̀, ìbọn kò tíì dún. Owó epo tó sì gun òkè fíofío ní 1973 sí 1974, ogun àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì ló fà á, kì í ṣe Ore. Ká ní a kò ja ogun kankan, ṣé owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní sọ wá dọ̀lẹ? Kòkó ìbá ṣì kú.

Ọmọ-Iléèwé, ohun tí mo fẹ́ kí o kọ sílẹ̀ ni pé epo ló yí Nàìjíríà padà, ogun kàn wáyé lásìkò kan náà ni.

Ọmọ Ẹlẹ́kòkó fèsì:

Èmi kò bínú. O já mi lórí Òfin 34, mo gbà. Ironsi gbìyànjú rẹ̀, wọ́n pa òun àti Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ní oṣù keje, Gowon sì yí òfin náà padà. Ìyẹn ló yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu: ohun tí ọ̀gágun kan kò rí ṣe ní 1966, báwo ni ọ̀gágun mìíràn ṣe rí i ṣe láìpé ọdún kan sí i?

Wo ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni Gowon pín ìpínlẹ̀, ọjọ́ 30 ni Ojukwu kéde Biafra. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Kò pín in torí pé ó fẹ́ràn àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ó fẹ́ yọ Rivers àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn kúrò lábẹ́ Ojukwu, níbi tí èbúté àti ọ̀pọ̀ epo wà, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ní ìdí tí wọn kò fi ní tẹ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ yẹn, ohun ìjà ni. Bó bá jẹ́ àkókò àlàáfíà ni, ọdún mélòó ni wọn ì bá fi jókòó jiyàn lórí rẹ̀? Ẹ rántí iye wàhálà tí wọ́n rí kí wọ́n tó yọ Mid-West nìkan ní 1963.

Ti epo: owó yóò wá, òótọ́ ni. Ohun tí mò ń sọ ni ọwọ́ tó nà jáde gbà á. Ká ní òfin ìgbà òmìnira ló ṣì wà ní 1974, ìdajì owó yẹn ì bá lọ sí ibi tó ti jáde, àwa tó kù ì bá sì padà sídìí kòkó wa torí kò ní sí nǹkan mìíràn fún wa. Bóyá ìjà mìíràn ì bá tibẹ̀ bẹ́, èmi kò mọ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà wa ì bá mọ ìgbà tí kòkó ń so.

Àbẹ̀kẹ́ Nwanyị fèsì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Bàbá Ẹlẹ́kòkó, ìyá alágàárì yẹn kò kúrò lójú mi.

Bàbá mi jẹ́ Ígbò, Yorùbá ni ìyá mi. Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Èbúté-Mẹ́ta, ó sì ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí Mushin. Ó sá lọ sílé ní 1967, ó fi ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi àti ilé náà sílẹ̀. Wọn kò tíì bí mi. Alájọgbé wa kan, Alhaji kan ará Ìjẹ̀bú, ló ń bá ìyá mi gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé fún ọdún méjì àbọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí bàbá mi dé ní 1970, ó gbé ìwé náà jáde, ó gbé owó náà jáde, ó yọ iye tó fi ṣe páànù òrùlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kọ́lé sí Port Harcourt kò rí irú èyí. Wọ́n sọ ilé rẹ̀ di ilé tí a kọ̀ sílẹ̀, ó sì kú kó tó rí i gbà padà. Níbẹ̀ náà ni àwọn ìlú tí orúkọ wọn fi Umu bẹ̀rẹ̀ ti yí i sí Rumu, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n ní Ígbò. Ẹ̀yin tó ń béèrè nípa bí a ṣe ń pe ara wa, ẹ wo pátákó orúkọ àdúgbò ní Port Harcourt.

Ṣùgbọ́n ti báńkì ni mo fẹ́ sọ. Bàbá mi ní owó ní báńkì, ó sì ti fọwọ́ kan àkáǹtì náà nígbà tó wà ní Biafra. Ogún pọ́ùn ni wọ́n kà fún un. Kò sí ẹjọ́. Gowon ti sọ lórí rédíò pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Bàbá mi máa ń sọ pé òun gbà á gbọ́ títí òun fi dé ojú fèrèsé akáwó. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní 1972, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn àjèjì ta ilé-iṣẹ́ wọn tàbí ìpín inú rẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ta ló lówó tó fi máa rà á? Àwọn ará Èkó rà á, àwọn ará ilé ìyá mi wà nínú wọn, n kò ní purọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ogún pọ́ùn fún kò lè dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, Oníyèméjì, bóyá epo ló sọ Nàìjíríà dọ̀lẹ. Èyí tó pinnu ta ni yóò ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ àti ta ni yóò máa ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú ìsọ̀ kékeré, epo kọ́.

Nílé, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí níta gbangba, Nkechi nínú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Oníyèméjì fèsì:

Ẹ ṣeun, mà. N kò ro ti 1972 mọ́ ọn rárá. Mo ṣì dúró lórí ti epo, àmọ́ mo kó ọ̀rọ̀ "lásìkò kan náà" tí mo sọ jẹ.

Ọmọ-Iléèwé fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rẹ́rìn-ín mi. Mo lọ bá bàbá àgbà wa lálẹ́ àná, mo béèrè nípa owó tí wọ́n pa dà ní 1968. Ó ní òun kò rántí. Ìyá àgbà pariwo láti ilé ìdáná pé ó rántí dáadáa. Ó jọ pé ìkòkò tiwọn náà wà.

Bàbá Ẹlẹ́kòkó, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù: oko kòkó yẹn ńkọ́? Àti òṣùwọ̀n tí bàbá yín gbé sá?

Ọmọ Ẹlẹ́kòkó fèsì:

Bàbá mi kú ní 1988. Ó kúkú rí i tí ìjọba pa àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra irè oko rẹ́ ní 1986, tí ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ sì lè wá ra kòkó. Oko ṣì wà, ó ti hu igbó. Ẹbí kan láti ìlú mìíràn ló ń dá apá kan rẹ̀, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí i.

Yàrá kòkó wà lójú títì, a fi háyà. Òṣùwọ̀n náà ṣì wà nínú rẹ̀. Pọ́ùn ni nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì ń kà, kò mọ kílò. Ọmọkùnrin tó háyà yàrá náà ń ra irin jákùjàkù, ó ní òṣùwọ̀n náà ṣe déédéé, pé òun kàn máa ń ṣírò rẹ̀ sí kílò lórí fóònù òun.